Kọ́kọ́rọ́ Inú Ẹnu Yọmí

"Wọ́n ní ó ti sọ ọ́."

"Ta ni?"

"Ọkùnrin kòkó náà ni, ọmọ Akúrẹ́ yẹn. Wọ́n ní níwájú ìyá rẹ̀ ló ti... pé òun ò lè fẹ́..."

"Áà! Túnráyọ̀ kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo wíwá tó ń wá..."

"Mo ní ẹ jẹ́ n dákẹ́ o. Ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà mọ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń..."

"Tó ń hanrun bíi ti..."

"Ẹ pọnmi, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn obìnrin ń fọ aṣọ funfun tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti Túnráyọ̀. Sùtánà ìyá àgbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀. Kò yọjú. Kò bèèrè. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà níbi tí wọn ò pè é sí, kó fi í sábẹ́ ahọ́n. Ó fi í sábẹ́ ahọ́n lóòótọ́, ó sì korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Ó ń fọ sùtánà náà lọ, ó ń fọ ibi tó ti mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, ká mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ẹ̀yìn ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà ìkórè kòkó, ni Benedict Dáramọ́lá kọ́kọ́ wọ agbolé wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń lọ láti oko dé oko láti kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi kòkó. Màmá Hannah, ìyá àgbà Túnráyọ̀, ló ránṣẹ́ pè é nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Ó bá Túnráyọ̀ lójú sìmẹ́ńtì níbi tó ti ń fi igi da kòkó tí wọ́n sá. Àwọn òkúta ńláńlá Ìdànrè ń wò wọ́n láti òkè, oòrùn ń ta gan-an.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìrìn, sà."

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ tí ìró kan fi jáde láti ojú fèrèsé. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi ìrókò. Benedict rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ń sùn, ó jọ. Ẹ má jẹ́ ká jí wọn."

"Kì í ṣe bàbá, sà." Ojú ń ti Túnráyọ̀. "Yọmí ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún méje."

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu ọkùnrin náà tí ìró náà fi dákẹ́ lójijì. Igi dúró lọ́wọ́ Túnráyọ̀. Ó dẹ etí. Adìẹ kan ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ìyẹn nìkan ló ń ṣe ariwo. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà gbé èémí bí ẹni tó yọrí láti abẹ́ omi, ìhanrun náà sì bẹ̀rẹ̀ padà. Igi ọwọ́ Túnráyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ padà.

Benedict ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀yin náà dá èémí dúró," ló wí.

"Sà?"

"Nígbà tí ọmọ yẹn ò mí, ẹ̀yin náà ò mí."

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n Túnráyọ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n gbé ọmọ jòjòló lé e lọ́wọ́, kò tíì sun oorun tó dénú. Bàbá ọmọ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó wà. Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti fi omi ìyàsímímọ́ wẹ ọmọ náà títí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Yọmí ń hanrun. Kò sẹ́nìkan tó mọ̀ pé obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dúró de èémí. Ó tẹjú mọ́ kòkó kí àlejò má baà rí omi lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹnu náà ló fi ń mí lójú mọ́mọ́?" ni Benedict bèèrè.

"Ẹnu náà ni, sà. Oorun a máa kùn ún ní iléèwé. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí l'Akúrẹ́. Dókítà eyín ló ń tọ́jú ẹ̀."

Màmá Hannah ti jáde síta nígbà yẹn. "Dókítà kí ni?"

"Dókítà eyín, Màmá."

"Ẹ gbà mí o! Imú ló ń dà á láàmú, ó ní eyín! Ṣé bí orí bá ń fọ́ mi, orúnkún ni kí n fi òróró pa?"

"Màmá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Kòkó nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Bí wọ́n ṣe lọ sí Akúrẹ́ nìyẹn. Dókítà tó ń wo imú àti ọ̀fun ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹran ọ̀fun ọmọ náà ò wú tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eyín. Ìyẹn ni Dókítà Michelle, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí Yọmí la ẹnu, ó sì pe Túnráyọ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ wo àjà ẹnu rẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe há, tó ga sókè bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì? Àjà ẹnu yìí kan náà ni ilẹ̀ imú. Bí àjà yàrá ìsàlẹ̀ bá há, ilẹ̀ yàrá òkè náà á há. Afẹ́fẹ́ ò ráyè kọjá dáadáa."

"Ṣé wọ́n máa là á ni, mà?" ni Túnráyọ̀ bèèrè.

"Rárá o. Egungun méjì ló pàdé láàárín níbẹ̀, wọn ò tíì so pọ̀ lára ọmọdé. A ó fi irin kékeré kan sí i, skúrù wà láàárín rẹ̀. Ẹ ó máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i nílé lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, egungun náà á máa fẹ̀. Alàfo máa là sí eyín iwájú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, tó bá yá á padé fúnra ẹ̀. Mi ò ṣèlérí pé gbogbo ìhanrun ló máa lọ o. Ṣùgbọ́n imú á ní àyè sí i."

Kọ́kọ́rọ́ náà ò ju abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Túnráyọ̀ wá ojú ihò náà títí, kò rí i. Benedict, tó ní òun kàn yà wo kòkó ni, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra. Mo mú iná dúró."

"Bí mo bá ṣe é léṣe ńkọ́?"

"Ẹ ò lè ṣe ọmọ yẹn léṣe. Ẹ yí i."

Ó yí i. Yọmí ní ó ń le díẹ̀ nísàlẹ̀ imú òun, ó sì bèèrè ẹ̀kọ mímu. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ sẹ́yìn òkúta, ọ̀kadà Benedict á dé. Yọmí á sáré jáde, ẹ̀rọ ẹnu rẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ pọ̀: "Ọ́ńkù, ẹ wá taná!" Ọ̀kan á mú iná, ọ̀kan á yí kọ́kọ́rọ́. Orí wọn á sún mọ́ra lókè ẹnu ọmọ kan, wọn ò sì ní í sọ nǹkan. Ìfẹ́ ti àwọn mìíràn a máa bẹ̀rẹ̀ níbi ijó. Tiwọn, inú ẹnu ọmọdé ló ti rí àyè.

Alàfo là lóòótọ́. Nígbà tí Màmá Hannah rí i, ó fò sókè, ó gbàgbé eegun ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

"Èjí! Yọmí mi ti léjí! Áà, èjí ìyá mi gan-an ló padà wá yìí!"

Ó mú ọmọ náà káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó rẹ́rìn-ín fún wòlíì, kó rẹ́rìn-ín fún ẹgbẹ́ akọrin. Obìnrin méjì wá bèèrè níbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn ṣe irú èjí bẹ́ẹ̀. Túnráyọ̀ mọ̀ pé alàfo náà máa padé. Dókítà ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdé ṣe fẹ́ dúró níwájú àgbà tó ń jó, kó ní kó jókòó? Ó dákẹ́. Benedict wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́nú.

"Ẹ ò ní sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ̀yin lẹ mú wa lọ."

"Èmi? Kí wọ́n fi igi kòkó lé mi?"

Ìrọ̀lẹ́ kan wà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ tán tí Benedict ò dìde. "Túnráyọ̀, bí skúrù yìí bá tán, kí ni màá máa wá ṣe níbí?"

"Kòkó wà."

"Kòkó ti sàn."

Túnráyọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn òkúta wà. Àwọn èèyàn máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá gun Òkè Ìdànrè."

"Mi ò fẹ́ gun òkè. Mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ lọ sọ fún màmá mi l'Akúrẹ́. Ṣé kí n lọ?"

Gbogbo ara Túnráyọ̀ fẹ́ pariwo bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ tó ti ń pè é ní "ẹ" látọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n rọra là, ohun tó sì jáde ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Máa lọ." Ó gbọ́ ohun tí òun sọ, ó fi ojú pamọ́ sẹ́yìn orí Yọmí. Benedict dìde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n joyè fún. "Olólùfẹ́ mi, wàá rí mi láìpẹ́," ló wí, ó gun ọ̀kadà rẹ̀.

Ìròyìn ẹ̀yìn ògiri ló dé kí òun tó dé.

Nígbà tí Benedict padà wá, Túnráyọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ó gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀ níta.

"Kò sí nílé. Ó lọ sí Owena."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dúró dè é. Mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́..."

"A ti gbọ́ ohun tó o sọ fún ìyá ẹ. Gbogbo Ìdànrè ló gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Pátá."

"Túnráyọ̀ náà gbọ́ ọ?"

"Òun ló ní kó o máa lọ."

Irọ́ ni ìyẹn. Túnráyọ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ tó ń já àgbà nírọ́ níwájú àlejò? Kí ló sì fẹ́ bá ọkùnrin tó ti kọ̀ ọ́ sọ? Ó gbọ́ tí Benedict ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí n máa lọ." Lẹ́yìn náà, ọ̀kadà ké, ó ń jìnnà, títí ìró rẹ̀ fi dà bí ti kòkòrò lọ́nà Akúrẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ti gbé e lọ sí Ofosu, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ò mọ̀ pé ẹnìkan ti lọ. Ó ní láti yí. Túnráyọ̀ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó ń fi eyín dì í mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè. Ẹnu dí, omi ojú ń ṣàn wọ inú imú, kò rí ibi mí dáadáa. Ìgbà náà ló mọ bó ti ń rí lára Yọmí.

"Àǹtí, ẹ ń sunkún ni?"

Ó mi orí. Kò lè dáhùn, iná wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí yíyí tó, Dókítà Michelle dí skúrù náà pa. Ó ní kí irin náà ṣì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí egungun tuntun lè kún ibi tó fẹ̀. "Bí a bá yọ ọ́ báyìí, á padà sí bó ṣe wà. Ohun tí a bá fẹ̀, a ní láti dúró tì í." Túnráyọ̀ gbé gbólóhùn yẹn délé, ó ń rò ó bí ẹni tí ń jẹ egungun ẹja.

Yọmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú mí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó ń ka ìwé, tó pa ẹnu dé láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ó dé inú oorun. Ìhanrun náà rọlẹ̀, ó di ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì dákẹ́. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé kí ni wọ́n fún ọmọ yìí jẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà sókè ní kíláàsì.

Ọdún méje ni Túnráyọ̀ fi tọrọ ìdákẹ́jẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti rí i gbà wàyí, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ilé tí èémí ọmọ ti ń kún tẹ́lẹ̀ ṣófo. Ó ṣì ń dẹ etí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dúró dè mọ́, àfi ọ̀kadà kan tí kò ní í wá.

Èjí náà ń padé. Màmá Hannah ṣàkíyèsí, ó di ojú Yọmí mú, ó yí i sí oòrùn.

"Èjí ọmọ mi dà? Ta ló mú un lọ?" Ó jókòó wọ́ọ́. "Ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti lọ ló ti ń lọ. Túnráyọ̀, ìwọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti pa ẹnu dé mọ́ mi lójú." Ó fi etí sùtánà nu imú. "Mo purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mò ń gbèjà rẹ ni. Ẹ̀rù pé màá ṣẹ́ kù lémi nìkan wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ́wọ́ rẹ̀."

Túnráyọ̀ kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń dùn ún pé òtítọ́ yẹn pẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ irin náà pé. Yọmí wọlé lọ bá dókítà, Túnráyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ìlẹ̀kẹ̀ rosárì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n kíra. Nígbà tó yá, Yọmí yọ jáde, ó ń fi ahọ́n kan àjà ẹnu tó ti ṣófo.

"Àǹtí, ó fẹ̀! Ká pe Ọ́ńkù Benedict, kí wọ́n wá taná wò ó!"

Ìlẹ̀kẹ̀ dúró lọ́wọ́ ìyá náà. "Benedict wo?"

"Ọ́ńkù kòkó," ni Yọmí fèsì. "Wọ́n máa ń mú iná, Àǹtí Túnráyọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́."

Ìyá náà yíjú, ó wo Túnráyọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Àǹtí ló pè ọ́. Ìwọ kọ́ lo bí i?"

Túnráyọ̀ ti kúnlẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìyá Benedict ni. "Rárá, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Wọ́n ti kú."

"Ọmọ mi sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo ní irọ́ ni, mo ní ọmọ tó o bí sílé lo fẹ́ kó bá mi." Ó mí kanlẹ̀. "Àmọ́, kí ló ṣe tó o fi lé e? Látìgbà yẹn, kì í wálé mọ́. Bó bá pè mí, 'ẹ kú ilé' ni, 'ó dàárọ̀' ni. Èmi nìkan ni mò ń jẹun nílé yẹn."

"Èmi kọ́ ni mo lé wọn, mà. Àwọn ni wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ mi."

"Ta ló sọ?"

"Gbogbo Ìdànrè, mà."

Ìyá Benedict fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Olúrónkẹ́," ló sọ níkẹyìn. "Olùra kòkó, ọmọ ìlú yín. Ó bá mi nínú ìbínú lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí ló ṣe mí. Mo sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un. Mi ò sọ ìparí rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu, mo jẹ́ kó gbé e lọ. Dìde, ọmọ mi. Dìde, jókòó tì mí."

Ó yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Ariwo tírélà ọ̀nà Benin ló kọ́kọ́ jáde, kí ohùn tí Túnráyọ̀ mọ̀ tó dé.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Benedict, má sọ nǹkan kan. Túnráyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, òun àti Yọmí. Mo fẹ́ sọ ohun tó o sọ fún mi ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá fi kún un, tàbí tí mo yọ nínú rẹ̀, tún mi ṣe."

Tírélà kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìró kankan nínú fóònù. Etí tí Túnráyọ̀ fi ṣọ́ ọmọ fún ọdún méje kì í ṣì í: ọkùnrin náà ti dá èémí dúró. Òun náà ò mí.

Ìyá àgbàlagbà náà pa ojú dé, ó sì sọ ọ́, ó ń mú un níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka àdúrà:

"'Màmá, mi ò lè fẹ́ Túnráyọ̀ kó wá fi Yọmí sílẹ̀. Obìnrin tó bá lè fi ọmọ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe Túnráyọ̀ mọ́. Bí ọmọ náà ò bá mí, òun náà kì í mí, mo fi ojú mi rí i. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn méjèèjì wálé, kó lè sinmi.'"